Wọ́n Kó Fọ́tò, Wọn Ò Kó Kámẹ́rà

Kò dún. Mo ki wáyà bọ ihò, mo yọ ọ́, mo tún kì í bọ ihò — kò dún. Ó yẹ kó dún. Bí mo bá ki wáyà fóònù mi bọ kọ̀ǹpútà yìí, á dún tíń-tìn, màá sì mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti rí ara wọn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà yìí... Kámẹ́rà dákẹ́, kọ̀ǹpútà dákẹ́, wáyà nà sílẹ̀ láàárín wọn lórí tábìlì, kò sì sí ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Àbí wáyà ni? Inú àpò wáyà ni mo ti mú un. Kò sí ilé tí kò ní àpò wáyà, tí ẹnikẹ́ni kò lè dà nù, nítorí èyí tí a bá dà nù lónìí la ó máa wá lọ́la. Nínú gbogbo wọn, èyí nìkan ni ẹnu rẹ̀ bá ihò kámẹ́rà mu. Ó bá a mu, ṣùgbọ́n ó ń mì díẹ̀. Kí n tì í sí i? Rárá o. Rọra, Miriam. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n — èmi tí n kò ní ẹpọ̀n, mo ṣì gbọ́dọ̀ rọra. Bí mo bá fi ipá tì í, bí ahọ́n kékeré inú ihò yẹn bá kán... Oyin wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi wà nínú nǹkan yìí.

Wò ó, mo tún ti sọ ọ́. Bí ẹni pé ó jókòó síbẹ̀ tó ń dúró dè mí. Kò sí níbẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ ni. Bóyá fọ́tò rẹ̀. Mo ní bóyá nítorí pé gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà náà, èyí tí a fi ń wo ohun tí a bá yà, ti fọ́. Ó dúdú bí ẹni da tàdáwà sí i, kò fi nǹkan kan hàn mí. Kọ̀ǹpútà nìkan ló lè sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ fún mi. Kọ̀ǹpútà náà ló sì dijú yìí, bí ọmọ tó jẹun yó kó tó wá sí kíláàsì.

Ìtùnú ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni mo bí lẹ́yìn Oyin. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìtùnúolúwa, gbogbo ẹni tó wá síbi ìsọmọlórúkọ ló mọ ìdí, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ jáde. Ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀fọ̀n báyìí, ó ti ga jù mí lọ. Nígbà tó wálé ní ìsinmi tó kọjá, a jókòó, à ń bó ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè rárá. Ó kàn ní, “Mọ́mì, wọ́n ní mo ní ẹ̀gbọ́n rí. Báwo ló ṣe rí?”

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ pé... Mo la ẹnu, kò sí ojú kankan níbẹ̀. Etí rẹ̀ wà. Orúnkún rẹ̀ wà, pẹ̀lú àpá ibi tó ti ṣubú lórí òkúta ẹ̀yìnkùlé. Òórùn àdí àgbọn tí mo fi ń pa á nírun wà. Ohùn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí rédíò tí kò mú ibi kan dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú? Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní. Ojú Oyin ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ nínú kíláàsì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wọn ti bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo bá dijú láti wá a, ọmọ Sarah tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì títì ló ń yọjú, tàbí ọmọbìnrin kan tó máa ń sùn lórí tábìlì iwájú lọ́dún kan báyìí. Kì í ṣe òun. Irú ìyá wo ló ń... Mo sọ fún Ìtùnú pé, “Ó jọ ìwọ gan-an.” N kò mọ̀ bóyá ó jọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn, mo sì ń bó ẹ̀gúsí lọ bí ẹni tó jalè.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fìyà jẹ mí. N kì í bínú sí Ìyá Ìjurin. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, Mary lorúkọ rẹ̀, Ìjurin ló lọ́kọ sí la fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá kú lójú ìyá rẹ̀, ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn àgbà ló ń gbé e lọ. Wọ́n á sì kó gbogbo ohun tó lè mú ojú ìyá rántí, aṣọ, bàtà, ife tó fi ń mu tíì, kí ẹkún lè tán, kí inú lè rọ̀, kí òmíràn lè wá. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni, èmi náà ì bá bá wọn kó o, màá tún gbálẹ̀ yàrá náà. Yàrá Sarah ni wọ́n gbé mi jókòó sí lọ́jọ́ náà, mo sì ń gbọ́ ohùn Ìyá Ìjurin láti inú ilé mi: “Ẹ wo abẹ́ ẹní. Ẹ wo orí àgbékà. Fọ́tò kan ò gbọdọ̀ kù lí ulé yìí o! Ukú ti mú ọmọ, kò gbọdọ̀ mú ìyá mọ́ ọn.”

Wọ́n kó o lóòótọ́. Fọ́tò ìrìbọmi rẹ̀ nínú gíláàsì. Fọ́tò tó ti wọ fìlà bébà lọ́jọ́ ìparí ọdún ní nọ́sìrì. Álúbọ́ọ̀mù lódindi, nítorí wọn ò ráyè máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi pàápàá, tí Oyin kàn dúró sí igun rẹ̀ tó ń fa aṣọ mi, wọ́n mú un. Wọ́n mú orúkọ mọ́ ọn. N kò gbọ́ “Ìyá Oyin” lẹ́nu ẹnì kan ní Ìpótì mọ́. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí títí Ìtùnú fi dé.

Ṣùgbọ́n wọn ò kó kámẹ́rà.

Mo ń rẹ́rìn-ín. Olúwa, forí jì mí, mo ń rẹ́rìn-ín. Lójú Ìyá Ìjurin, pépà ni fọ́tò. Ohun tó wà nínú gíláàsì lára ògiri ni, tí ènìyàn lè gbá mọ́ àyà kó sì sunkún lé lórí. Ta ni yóò sọ fún un pé ọmọ lè wà nínú ohun irin kékeré yìí, tí Timothy ọkọ mi rà nígbà tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin, kó lè máa fi ya ìkórè ní Mẹ́tọ́díìsì? Mo tilẹ̀ ń rí wọn lọ́kàn mi. Ọ̀kan nínú wọn ti ní láti gbé e sápá kan, kó lè wo abẹ́ rẹ̀ bóyá fọ́tò wà níbẹ̀. Wọ́n kó fọ́tò, wọn ò kó kámẹ́rà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bá a nísàlẹ̀ àpótí, tí a wé e sínú aṣọ akọrin Timothy tí kò gba ikùn rẹ̀ mọ́. Ta ló wé e? N kò bi í. Orúkọ ọmọ yẹn kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo dán an wò, ó ní, “Jẹ́ ó sùn, Ìyá Ìtùnú.” Ó jáde lọ sí oko kòkó rẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú kó tó wálé.

Oko náà ló wà báyìí. Òjò ti ká a mọ́bẹ̀, mo ń gbọ́ ọ lórí páànù. Kó máa rọ̀.

Dúró ná... Ṣé mo tàn án?

N kò tàn án! Ẹ gbà mí o. Obìnrin tó ń kọ́ ọmọ ẹlẹ́ni, kò tan kámẹ́rà. Bọ́láwálé sì sọ ọ́ lánàá lórí fóònù. Àbúrò mi ni, Adó ló ń gbé, òun ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú ìdílé wa. Ó ní, “Àǹtí mi, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní títàn o. Bó bá kú, òkú kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀.” Ó sọ ọ́ tán ló rántí ohun tí mò ń wá.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó yọ ojú — sìrrr — bí ìgbà tí ahun bá na ọrùn. Ó ń... Ó tún wọlé padà. Ó kú. Áà! Bátìrì. Amudalat tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọjà kúkú wí fún mi. “Tíṣà, ti rédíò lẹ mú yẹn o. Kámẹ́rà á jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ ẹ̀pà. Èyí tó wúwo yìí ni kẹ́ ẹ gbà.” Mo ní kó fún mi ní méjèèjì, kó má dà bí ẹni pé mo gbọ́ tirẹ̀ jù. Ó dáa náà. Mo yọ ti rédíò. Mo to àwọn tó wúwo sí i, orí sókè, ìdí sókè. Ìdérí rẹ̀ kò dé mọ́, mo fi rọ́bà dè é. Mo tẹ̀ ẹ́... Ó na ọrùn. Kò kó o padà. Iná kékeré kan ń tàn lára rẹ̀, àwọ̀ ewé.

Tíń-tìn.

Ó dún! Ó dún. Wọ́n rí ara wọn. Nǹkan tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí Ìtùnú kò tíì sí láyé, wọ́n jí i, ó sì dáhùn. Ohun tí kò ní ẹ̀mí ló ń ṣe báyìí. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi, bí ìgbà tí a bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ohun kan sì ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ètò ìsìn.

Ó ti kọ orúkọ kámẹ́rà síbẹ̀. Mo ṣí i. Fódà kan. Mo ṣí i...

Ó ṣófo.

Ó ní fódà yìí ṣófo. Mo tì í pa, mo tún ṣí i. Ó ṣófo. Ṣófo báwo? Nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Àbí wọ́n dé ibí yìí náà? Àbí Timothy... Rárá, Timothy kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àbí ó mọ̀ ọ́n? Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ — orin tí wọ́n kọ níwájú ilé mi nìyẹn, bí ẹni pé n kò mọ̀, bí ẹni pé orin ló yẹ kó sọ ọ́ fún mi. Ó ṣófo. Mo ti mọ̀ pé báyìí ni yóò rí. Mo ti mọ̀ láti...

Rárá. Bọ́láwálé sọ nǹkan kan. Kí ló sọ? Ikùn. Ó ní ikùn. “Irú kámẹ́rà yẹn ní ikùn méjì, Àǹtí. Ikùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àti káàdì. Bí kò bá rí káàdì, ikùn tirẹ̀ ló máa ṣí fún yín, kò sì ní sí nǹkan kan níbẹ̀.” Ṣebí ó sọ ọ́! Kò rí káàdì ni. Ìyẹn ni. Ó ní láti jẹ́ ìyẹn. Mo pa kámẹ́rà. Mo tú rọ́bà. Káàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ta jáde díẹ̀, mo fà á.

Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Kò wúwo. Kò tó bísíkíìtì kan. Ẹ̀gbẹ́ kan dúdú lásán, ẹ̀gbẹ́ kejì ní eyín wúrà tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Báwo ni ọmọ ṣe ń wọ inú ohun tó mọ báyìí? Mo ń kọ́ wọn o, nínú sáyẹ́ǹsì. Mo máa ń yà á sójú pátákó: oòrùn ràn, ìmọ́lẹ̀ kan ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ ta kúrò lára ènìyàn, ó wọ ojú kámẹ́rà. Wọ́n á dà á kọ, agogo á lù, a ó lọ sílé. N kò ronú lé e rí. Oòrùn ìgbà yẹn, tó ti wọ̀ tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè pè padà, ó kan ara ọmọ mi, ó kúrò lára ọmọ mi, ó sì wọ inú nǹkan dúdú yìí, ó jókòó. Wọ́n gbé ọmọ lọ, ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ kò bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò kọjá, a ká kòkó, a sá kòkó, a bí Ìtùnú nínú ilé kan náà, ó wà nísàlẹ̀ àpótí nínú òkùnkùn, kò sunkún, kò béèrè oúnjẹ. Ọlọ́run ńlá. Ọlọ́run ńlá ńlá. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù náà sì dùn. N kò fẹ́ gbé e kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Mo gbé e kúrò. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tí n kò lò rí, ibẹ̀ ni Bọ́láwálé ní kí n ki káàdì bọ̀. Ó wọlé geere. Tíń-tìn. Ó ń ronú... Ó ń yí òbìrí... Ó kọ nǹkan síbẹ̀.

Kí ló wí? Ó ní kí n tó lè lo káàdì yìí, òun ní láti fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Ṣé kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀? Ó ti fi àwọ̀ búlúù yí “bẹ́ẹ̀ ni” ká, bí ẹni tó ti mọ ohun tí mo fẹ́ dáhùn. Fọ́ọ̀màtì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ó dà bí ohun tí nọ́ọ̀sì máa ń ṣe fún ènìyàn kí ara rẹ̀ lè yá. Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Mo fẹ́ ẹ kó ṣí, mo fẹ́ ẹ kó ṣáà ṣí...

Ohùn Bọ́láwálé ti àná dé sí mi létí: “Bó bá bi yín nípa fọ́ọ̀màtì, ẹ má gbà o! Àǹtí, ẹ ń gbọ́ mi? Gbígbá ni yóò gbá ibẹ̀ mọ́ féfé.”

Mo yọ ìka. Mo ká ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ra, mo tilẹ̀ jókòó lé wọn lórí. Yéè. Yéèpà. Díẹ̀ ló kù. Ọwọ́ ara mi ni ǹ bá fi... Ṣùgbọ́n ó bi mí. Ìyẹn ni mo ń rò báyìí tí mo jókòó lé ọwọ́ mi. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ mí, tí kò bá mi ṣọ̀fọ̀, ó bi mí kó tó gbálẹ̀. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi mí. Gbogbo wọn fẹ́ràn mi, kò sì sí ẹni tó bi mí.

Rárá. Mo tẹ rárá.

Kílínà ló kù. Bọ́láwálé ní eyín wúrà yẹn máa ń dọ̀tí bó bá pẹ́, kí n fi kílínà tí àwọn ọmọ fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nù ún. Kílínà kò lè wọ́n nílé tíṣà. Mo yọ káàdì. Mo ń nù ún, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń fi òwú nu etí ọmọ — rọra, má tì í wọnú. Dọ̀tí dúdú ń jáde, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ń jáde. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bóyá kò yẹ kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wúrà náà ń dán. Òjò ti pọ̀ sí i lórí páànù, n kò gbọ́ ohùn ara mi, mo sì mọ̀ pé mò ń gbàdúrà.

Mo ki káàdì bọ ihò padà. Tíń-tìn. Ó ń yí òbìrí... Ó ń yí... Kò bi mí ní nǹkan kan. Fódà kan. Fódà mìíràn nínú rẹ̀. Mo ṣí i, àwọn àpótí funfun kéékèèké sì kún ojú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ṣófo, lẹ́yìn náà... lẹ́yìn náà, ọ̀kan ní àwọ̀. Òmíràn ní àwọ̀. Pupa. Ewé. Wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìràwọ̀ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n wà. Wọ́n wà níbẹ̀ o! Wọ́n ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí!

Mo ṣí ti àkọ́kọ́. Ìkórè ni. Iṣu. Iṣu lórí tábìlì ìsìn, iṣu ńlá, iṣu kékeré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn Àlùfáà. Ẹgbẹ́ akọrin, tí gbogbo wọn la ẹnu, Ilésanmí tó máa ń ṣi ohùn kọ wà láàárín. Iṣu lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ rẹ ńkọ́, Timothy? Ọmọ rẹ jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ náà, iṣu lò ń yà! Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Adìyẹ tí a dè lẹ́sẹ̀. Ta ni yẹn? Kì í ṣe òun. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ...

Kí nìyí? Ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ nìkan, kò sí orí. Àjà. Ìka ènìyàn tó bo gbogbo rẹ̀, ó pupa. Tábìlì ilé wa láti abẹ́, ó ga bí òrùlé. Timothy, orúnkún rẹ̀ àti ihò imú rẹ̀ méjèèjì, lókè réré. Ta ló ń ya irú ìyàkuyà yìí? Ta ló fi bátìrì ṣòfò báyìí? N kò wá ewúrẹ́. N kò wá ihò imú. Ibo ni ọmọ mi wà?

Obìnrin kan.

Ta nìyí? N kò mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Kò wé gèlè. Ó ró aṣọ mọ́ àyà, ọṣẹ hó dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò bo ẹnu, ẹ̀rín tí a ń rí erìgì. Arẹwà ni. Kí ni obìnrin yìí ń wá ní ẹ̀yìnkùlé mi? Òkúta ẹ̀yìnkùlé mi nìyẹn. Abọ́ mi nìyẹn, aláwọ̀ búlúù, kó tó fọ́. Timothy, ta lo mú wá sílé mi tó ń fi abọ́ mi fọṣọ, tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ báyìí? Mo sún mọ́ ọn. Aṣọ tó ró... agboorùn kéékèèké ló wà lára rẹ̀. Mo mọ aṣọ agboorùn yẹn. Mo fi ṣe àkísà níkẹyìn. Mo fi nu ilẹ̀ títí ó fi tán.

Èmi ni.

Mo fọwọ́ kan àpá tó wà ní àgbọ̀n mi. Àpá yẹn wà lágbọ̀n rẹ̀ náà. Èmi ni. Mo rí báyìí rí? Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé mo rí báyìí. Wọ́n kó fọ́tò mi náà lọ, n kò rò ó rí... gbogbo èyí tí mo gbé e lọ́wọ́, gbogbo èyí tí mo dúró tì í, wọ́n kó èmi àti òun pa pọ̀. Láti ìgbà yẹn, n kò rí obìnrin yìí mọ́. N kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Èmi, mò ń fi ọṣẹ halẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Èmi, ó ti sún mọ́ mi jù, imú àti eyín lásán, ó rí fúú. Èmi, mo na ọwọ́ síwájú. Èmi lójú ọ̀nà, iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, báàgì wà léjìká, mo sì ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Èmi. Èmi. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀. Timothy kọ́ ló yà wọ́n, Timothy ga bí ọ̀pẹ. Ẹni tó yà wọ́n kò ga ju tábìlì lọ. Ẹni tó yà wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ kéré, ìka rẹ̀ máa ń bo ojú kámẹ́rà...

Oyin.

Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, kíákíá báyìí, nítorí ó gbọ́dọ̀ wà níbì kan, ẹnì kan ti ní láti gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sì yà á. Bàtà. Èmi. Òkùnkùn. Èmi. Ọ̀run. Ó tán. Ó ti padà sórí iṣu àkọ́kọ́. Kò sí níbẹ̀. Kò sí ìkankan. Òun ló mú kámẹ́rà lọ́wọ́. N kò ní rí ojú rẹ̀.

Ó yẹ kí n sunkún. Mo ń retí ẹkún náà. Òjò ń rọ̀, mo ń dúró dè é, kò wá.

Mo padà sí obìnrin ọlọ́ṣẹ yẹn. Ohun kan wà tí kò jẹ́ kí n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni. Kò wo kámẹ́rà. Òkè kámẹ́rà díẹ̀ ló ń wò. Kí ló wà lókè kámẹ́rà? Ọmọdé kì í gbé e sójú, àyà ló ń gbé e mọ́, á wá yọ orí sí i lókè kó lè rí ẹni tó ń yà... Olúwa. Òun ló ń wò. Ìgbà tí mò ń wò ó gan-an nìyí. Wọn ò lè kó èyí. Wọn ò lè mọ̀ pé ó wà.

Mo ti àga sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, orúnkún mi ké, mo sì dín ara mi kù títí orí mi fi bọ́ sí abẹ́ etí tábìlì. Mo gbójú sókè wo kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Kò sí ohun mìíràn tó ń wò láyé yìí. Mo ti rò pé mo pàdánù ohun tí Oyin jẹ́ fún mi, mo ń wá a kiri nínú ojú ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì bi ara mi rí ohun tí èmi jẹ́ fún un, bóyá ó mọ̀, bóyá ó tó ọjọ́ orí ẹni tó lè mọ̀ kó tó lọ.

Ó mọ̀. Ó yà á síbí. Ohun tí Oyin ń rí nìyí, ní gbogbo ìgbà tó bá gbójú sókè.